Róbótó orí pátákó: bí mo ṣe tún ṣáátì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ṣe

Ariwo ló gbé iṣẹ́ yìí dé ọ̀dọ̀ mi. Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Ìbàdàn, Akọ̀wé lẹ ìwé A3 kan tí wọ́n tẹ ṣáátì sí, ìyẹn àwòrán tó ń fi iye hàn, mọ́ pátákó, wọ́n ní kí gbogbo wa wo bí owó ọdún yìí ṣe lọ. Wọn ò tíì sọ̀rọ̀ tán tí màmá kan tó ń ta elùbọ́ fi dìde. "Ẹ̀yin olóyè, ṣé owó ìṣàkóso ló wá pọ̀ ju owó ilẹ̀ lọ báyìí? Kí lẹ fi ń ṣe?" Kí Akápò tó ṣí ìwé owó, àwọn kan ti ń sọ pé kí wọ́n dá owó àwọn padà.

Akápò ka iye rẹ̀ síta: ilẹ̀ gba ìdá 17 nínú 100, ìṣàkóso gba 11. Màmá ò gbà. Wọ́n na ìka sí ṣáátì, wọ́n ní, "Ojú mi nìyí o. Mi ò fọ́jú."

Ìṣirò ni mo fi ń jẹun, Alága sì mọ̀. Bí wọ́n ṣe ní kí n bá wọn wo nǹkan yẹn nìyẹn. Ohun tí mo ṣe rèé, títí kan èyí tí mo fọwọ́ ara mi bà jẹ́.

Sátidé àkọ́kọ́: mo tú u palẹ̀

Róbótó ni ṣáátì náà, irú èyí tí Excel, ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, máa ń gé bíi kéèkì, tó nípọn, tó tẹ̀ sẹ́yìn bí ìgbà tí a bá gbé abọ́ ka orí tábìlì. Mẹ́sàn-án ni ìdá rẹ̀, mẹ́sàn-án ni àwọ̀ rẹ̀, kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Inú àpótí kékeré kan lápá ọ̀tún ni orúkọ àwọn ìdá wà.

N ò fẹ́ fẹnu lásán bá a wí. Mo wá gráàfù pépà, bébà tó mọ́ gaara tí a lè fi da nǹkan kọ, àti protractor tí a fi ń wọn igun, inú math set ọmọ mi. Iwájú pátápátá ni ìdá ìṣàkóso wà, ó kọjú sí èèyàn. Ìdá ilẹ̀ wà lọ́tùn-ún, lápá ẹ̀yìn. Mo wọn igun wọn láti àárín róbótó. Ìdá 11 nínú 100 yẹ kó jẹ́ nǹkan bíi 40 dígírì. 72 ni mo bá lórí ìwé. Ìdá 17 yẹ kó jẹ́ 61. 42 ni mo bá. Ẹni tó yẹ kó wà lẹ́yìn ti gba ipò ẹni iwájú.

Mo wá ka àpótí gráàfù tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan bò. Ilẹ̀, 41. Ìṣàkóso, 44. Mo kọ́kọ́ rò pé títẹ̀ tó tẹ̀ sẹ́yìn yẹn ló fa èyí náà, àmọ́ kì í ṣe òun. Títẹ̀ yẹn ń fún gbogbo ìdá pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Ojú òkè ìṣàkóso ò ju bí àpótí 27 lọ. 17 tó kù, ara ògiri ni, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ tó nípọn tó jẹ́ pé apá iwájú nìkan ló ti ń hàn. Ìdá tó bá jókòó síwájú gba ògiri lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdá tó wà lẹ́yìn ò rí nǹkan kan gbà.

Ohun tí wọ́n tẹ̀ sórí ìwé ni màmá elélùbọ́ rí. Ojú wọn ò ṣì í rárá.

Alẹ́ ọjọ́ kan náà

William Playfair, ará Scotland, ló ti gbé róbótó alápá yìí jáde ní 1801. Ọdún 1786 ló ti gbé ṣáátì ọ̀pá, èyí tí gígùn ọ̀pá ń sọ iye, jáde ṣáájú rẹ̀. Nígbà tó di 1984, William Cleveland àti Robert McGill, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Bell Labs, ilé ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, gbé oríṣiríṣi ṣáátì síwájú àwọn èèyàn, wọ́n ní kí wọ́n fojú díwọ̀n iye tí èyí tó kéré jẹ́ nínú èyí tó tóbi. Níbi tí nǹkan méjèèjì bá ti dúró lórí ìlà kan náà, tó jẹ́ pé ibi tí orí wọn dé ni ojú ń wò, ibẹ̀ ni àṣìṣe ti kéré jù. Tó bá wá jẹ́ igun ni ojú ń wọ̀n, àṣìṣe a fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Nínú bí wọ́n ṣe tò wọ́n, bí nǹkan ṣe gba àyè tó lójú ìwé burú ju igun lọ, bí nǹkan tó nípọn ṣe tóbi tó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí àwọ̀ ṣe ki tó ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Jeffrey Heer àti Michael Bostock tún ìdánwò náà ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2010, ibi kan náà ló já sí.

Ará ọjà ò nílò Bell Labs láti mọ èyí. Kóńgò gàrí méjì, ọ̀kan ní orí ṣóńṣó, èkejì kún fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀: èwo ló gba gàrí jù? Àríyànjiyàn dé nìyẹn, orí àríyànjiyàn yẹn sì ni èrè alágàrí wà. Ṣùgbọ́n mú ọmọ méjì, kí wọ́n fẹ̀yìn tira lórí símẹ́ńtì kan náà, kò sẹ́ni tó máa bèèrè èyí tó ga.

Ọjọ́ Ajé

Mo da róbótó nù, mo fi ọ̀pá rọ́pò rẹ̀. (Nínú ọ̀rọ̀ tí mo kọ sí Akọ̀wé, "ṣáátì ọlọ́pàá" ni mo pè é. Wọ́n pè mí kíákíá: "Ẹ ti fi ọ̀rọ̀ wa tó ọlọ́pàá létí ni?" Láti ìgbà náà, ọ̀pá ló ń jẹ́.)

Mo tẹ́ wọn ní ìbú, kí n lè kọ orúkọ wọn ní kíkún lápá òsì, kí ẹnikẹ́ni má baà máa yí ọrùn kà á. Excel fẹ́ kí wọ́n tò bí Akọ̀wé ṣe tẹ̀ wọ́n wọlé. Mo kọ̀, mo tò wọ́n láti orí ńlá dé kékeré. Ẹ̀yáwó lókè, 38. Ilẹ̀, 17. Ọjà àjọrà, 14. Ìṣàkóso, 11. Owó tó wà ní báńkì, 9. Ìrànwọ́, 5. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kéré bọ̀ títí dé "ìyókù" tó jẹ́ 1. Nọ́ńbà wà lórí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, àpótí àlàyé ò sí mọ́.

Ohun kan tí n kì í gbà fún ẹnikẹ́ni ni pé kí ọ̀pá má bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Bí iye bá sún mọ́ra, Excel a máa gé ìdí ọ̀pá láìbi ẹnì kan, ó lè ní kí ó bẹ̀rẹ̀ láti 40. Ọ̀pá 44 á wá gùn ní ìlọ́po méjì ọ̀pá 42. Gígùn ni ojú kọ́kọ́ kà. Ó di ìgbà tó bá tó kó tó wo nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́, ẹlòmíì ò sì ní wò ó rárá. Ìlà tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ níbi tó bá wù ú, torí ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ là ń wò.

Mo fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sí 10, 20, 30. Àwọn kan ní kí èèyàn má fi ìlà rárá, pé ó ń dọ̀tí ìwé. Èmi rántí ọ̀rọ̀ Ernst Weber, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jámánì tó ń gbé ìwọ̀n lé èèyàn lọ́wọ́ ní Leipzig ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn: kì í ṣe iye tí a fi kún un là ń mọ̀ lára, bí ó ṣe tó sí ohun tó ti wà nílẹ̀ ni. Fi iṣu kan kún méjì, ẹni tó rù ú á kígbe. Fi iṣu kan kún ogójì, kò ní mọ̀. Bákan náà ni ọ̀pá gígùn méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ṣe máa ń rí. Bí ìlà bá wà nítòsí, apá kékeré tó kọjá ìlà ni ojú á fi wéra, ìyẹn ò sì ṣòro.

Ọjọ́rú: èyí tó bàjẹ́ lọ́wọ́ mi

Alága tún fẹ́ rí owó tí ìsọ̀rí márùn-ún ń dá lóṣooṣù: elélùbọ́, aláṣọ, awakọ̀, tíṣà, oníṣẹ́ ọwọ́. Mo to márààrún lé ara wọn lórí ọ̀pá oṣù kọ̀ọ̀kan. Ó rẹwà. Mo tiẹ̀ pe ìyàwó mi wá wò ó. Ìyàwó mi bèèrè bóyá owó àwọn tíṣà ń gòkè tàbí ó ń sọ̀ kalẹ̀, mo sì rí i pé èmi tí mo yà á ò lè dáhùn.

Elélùbọ́ nìkan, tí wọ́n wà nísàlẹ̀, ni èèyàn lè tẹ̀ lé láti oṣù kan dé èkejì. Bí owó tiwọn bá pọ̀ sí i, gbogbo ẹni tó gun orí wọn á gbéra, kódà bí owó ẹni náà bá dínkù. Àwọn ọmọ méjì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn, tí ọ̀kan ti wá lọ gun àga. Mo pa á rẹ́ ní aago mọ́kànlá alẹ́, mo sọ ọ́ di ìlà márùn-ún nínú àpótí kan ṣoṣo: pupa, àwọ̀ ọsàn, ìyeyè, búlúù, àwọ̀ ewé. Mo fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp àwọn olóyè, mo sùn.

Ọjọ́bọ̀: pupa mẹ́ta

Èèyàn mẹ́rin lórí fóònù. Alága ní, "Èyí tó pupa yìí ti ń lọ sílẹ̀ láti oṣù kẹfà." Akápò ní rárá, òkè ló ń lọ. Akọ̀wé ní ojú kan ló wà. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí a tó mọ̀ pé ìlà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni oníkálukú ń sọ, pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ni "èyí tó pupa".

Ẹ̀bi mi ni. Ọmọ Yorùbá ni mí, ó yẹ kí n mọ̀. Funfun, dúdú, pupa ni òpó mẹ́ta tí a fi gbé ilé àwọ̀ ró. Epo pupa, ìkóódẹ pupa, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n náà, pupa ni. Aró ń lọ sọ́dọ̀ dúdú, ewé tó ki náà ń lọ síbẹ̀. Àwọn onímọ̀ méjì, Brent Berlin àti Paul Kay, fi orúkọ àwọ̀ nínú ọ̀pọ̀ èdè wéra, wọ́n sì sọ ní 1969 pé èdè tó bá ní mẹ́ta péré, mẹ́ta wọ̀nyí náà ni. Ìyẹn ò ní kí ojú wa má yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ gbé adìrẹ méjì fún aláró tó mọṣẹ́, á sọ èyí tí wọ́n rì lẹ́ẹ̀mẹ́ta àti èyí tí wọ́n rì lẹ́ẹ̀mẹ́fà fún yín. Àmọ́ ojú rí mẹ́ta, ẹnu pe ọ̀kan. Ṣáátì tí wọ́n máa jókòó jiyàn lé lórí, ẹnu náà gbọ́dọ̀ lè gbé e.

Mo lè kọ́ gbogbo ẹgbẹ́ ní "àwọ̀ ọsàn" àti "ìyeyè". Ó yá mi lára láti tún àwòrán yà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gé e sí àpótí kékeré márùn-ún, ìlà kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, orúkọ ìsọ̀rí lórí rẹ̀ gàdàgbà, ìdíwọ̀n kan náà fún gbogbo wọn kí wọ́n ṣeé fi wéra. Gbogbo ìlà dúdú. Báyìí, "ti àwọn tíṣà" ni èèyàn máa sọ, kò sẹ́ni tó nílò àwọ̀ láti pe ẹnikẹ́ni.

Sátidé kejì: ìsọ̀ elélùbọ́

Mo gbé ìwé àtijọ́ àti tuntun lọ bá màmá elélùbọ́ nísọ̀. Mo kí wọn, mo kọ́kọ́ ra kóńgò kan kí n má baà jọ ẹni tí Alága rán wá bá wọn jà. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá èyí tó ṣìkẹta nínú títóbi."

Lórí ìwé àtijọ́, wọ́n gbé ìka lé àwọ̀ kan lórí róbótó, wọ́n wọ́ ọ lọ sínú àpótí àlàyé, wọ́n ń wá irú àwọ̀ náà, wọ́n rí i, wọ́n ka orúkọ rẹ̀, wọ́n padà wá, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fẹ́ fi wé e ti bọ́ lọ́kàn wọn. "Ẹ jẹ́ n tún un wò." Ẹ̀ẹ̀mẹta. Nígbà tí wọ́n dá ìwé padà fún mi, gbogbo rẹ̀ ti wà lákọsílẹ̀: eruku elùbọ́ ti bo àpótí àlàyé bámúbámú, ipa ìka sì tò láti ibẹ̀ dé róbótó bí ojú ọ̀nà èèrùn. Lórí ìwé tuntun, ojú ìka kan ṣoṣo ló wà. Ó wà lórí ọjà àjọrà, èyí tó ṣìkẹta lóòótọ́.

George Miller, onímọ̀ nípa ìrònú èèyàn, sọ ní 1956 pé nǹkan bíi méje ni ọkàn èèyàn lè dì mú lẹ́ẹ̀kan náà. Nelson Cowan gbé e yẹ̀ wò ní 2001, ó ní bíi mẹ́rin ni. Àwọ̀ mẹ́sàn-án tí èèyàn á máa há sórí láti inú àpótí kan, ẹrù ọ̀jọ̀gbọ́n gan-an kọ́ nìyẹn, ká má tíì sọ ẹni tó ń wọn elùbọ́ fún oníbàárà lọ́wọ́ kan náà.

Màmá wo ìwé tuntun dáadáa. "Ọmọ mi, èyí ò le. Àmọ́ èwo ni kí n bá wọn jà lé lórí níbẹ̀?"

Sọ́ńdè

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé sùn. Ọ̀pá mi mẹ́sàn-án, àwọ̀ kan náà ni gbogbo wọn, kò sí èyí tó ń pe èèyàn.

Ẹni tó bá ti lọ òde ìgbéyàwó rí á mọ bí ojú ṣe ń ṣe. Igba èèyàn wọ aṣọ ẹbí aláró, ẹnì kan wọ pupa fòò: o ò tíì wọ gbọ̀ngàn tán tí o ti rí i, ìbáà jẹ́ igba, ìbáà jẹ́ ẹgbẹ̀rún. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí aṣọ ẹbí ìyá ọkọ àti ti ìyá ìyàwó pò mọ́ra, kí wọ́n ní kí o wá ẹni tó wọ bùbá ìyá ọkọ tó sì wé gèlè ìyá ìyàwó. Lọ́kọ̀ọ̀kan ni wàá máa wo orí àti ọrùn títí. Anne Treisman àti Garry Gelade fi ìdánwò ṣàlàyé èyí ní 1980: àmì kan ṣoṣo a máa fò jáde fúnra rẹ̀, àmì méjì tí a so pọ̀ ń gba àfiyèsí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nítorí náà, ọ̀pá mẹ́jọ di àwọ̀ eérú, ọ̀kan di pupa. Èwo? Akọ̀wé fẹ́ kó jẹ́ ilẹ̀, torí ilẹ̀ ni wọ́n fi ń yangàn. Mo ní ìṣàkóso ni ìjà wà, ìṣàkóso ni kó pupa. Wọn ò dùn sí i. Mo mọ̀ pé ẹni tó yan ọ̀pá tó máa pupa ti bá ìpàdé sọ̀rọ̀ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi tẹ̀ lé ìbéèrè àwọn ọmọ ẹgbẹ́, n ò tẹ̀ lé ti àwọn olóyè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Wọ́n máa ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀ pín fún èèyàn, mo sì gbàgbé. Mo dán ọ̀kan wò. Pupa fòò mi àti eérú mi jáde bákan náà, eérú méjì. Ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì ò mọ pupa, bí nǹkan ṣe mọ́lẹ̀ tàbí ṣókùnkùn tó nìkan ló mọ̀. Mo sọ eérú di fífúyẹ́ bí ẹfun tí òjò pa, mo jẹ́ kí pupa ki bí ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ. Ó hàn lórí fọ́tòkọ́pì, á sì hàn sí àwọn ọkùnrin tí ojú wọn kì í ya pupa kúrò lára àwọ̀ ewé pẹ̀lú.

Ọjọ́ kan náà ni ọmọ tó ń bá ẹgbẹ́ ya káàdì gbé tirẹ̀ dé: àpò owó méjì, láti fi hàn pé owó ìfipamọ́ wa ti di ìlọ́po méjì. Àpò kékeré ga ní sẹ̀ǹtímítà 4, ó fẹ̀ ní 3. Ńlá ga ní 8, ó fẹ̀ ní 6. Mo ní, "Àbúrò, ìsọdipúpọ̀ wo ni o ṣe yìí?" Ó ní ìlọ́po méjì ni, kí n wọ̀n ọ́n. Mo wọ̀n ọ́n níṣojú rẹ̀: 12 sí 48. Ìlọ́po mẹ́rin ni ojú ń rí. Florence Nightingale, nọ́ọ̀sì Gẹ̀ẹ́sì nì, ò kó sí pańpẹ́ yìí nígbà tó ya àwòrán ikú àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì nínú ogun Crimea ní 1858. Bí ìdá kọ̀ọ̀kan ṣe gba àyè tó lójú ìwé ló fi gbé iye, kò gbé e sórí bí ó ṣe jìnnà sí àárín tó. Àbúrò mi lè sọ gíga àpò ńlá di nǹkan bíi 5.7, kó sọ fífẹ̀ rẹ̀ di 4.2, kí ìṣirò lè pé, àmọ́ ojú ò ní lè kà á dáadáa síbẹ̀. A fi ọ̀pá méjì sí i. Ó bínú díẹ̀, ó ní n kì í jẹ́ kí nǹkan lẹ́wà. Mo jẹ́ kó ya àpò kan sí igun ìwé, lọ́ṣọ̀ọ́.

Ọjọ́ ìpàdé

Mo dé ní wákàtí kan ṣáájú. Ìwé mẹ́ta ni mo lẹ̀: ọ̀pá mẹ́sàn-án, àpótí márùn-ún, ọ̀pá ìfipamọ́ méjì. Mo dúró lẹ́yìn pátápátá láti rí i bóyá ó ṣeé kà láti ìjókòó ìkẹyìn. Orúkọ ṣeé kà, nọ́ńbà kéré díẹ̀; ti oṣù tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ tóbi sí i.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ṣáátì. Alága ṣí ìpàdé, wọ́n ka àkọsílẹ̀, wọ́n bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Màmá elélùbọ́ dìde, wọ́n tún ìró wọn ró.

"Ìṣàkóso, 11. A ti rí i, ó yé wa. Ilẹ̀ gba 17." Wọ́n yíjú sí pátákó, wọ́n tún yíjú padà. "Ìwé ilẹ̀ náà dà?"

Akọ̀wé wo Akápò. Akápò wo Alága. Mo ká sẹ́lótéèpù mi sínú báàgì.